Ẹ̀rí Èké Tí Mo Jẹ́ Nítorí Àwo Iyán

Ẹ má ṣe káàánú mi. Mo máa ń ka ìtàn àwọn tó ń kọ̀wé síbí, ọ̀pọ̀ wọn á ti máa sunkún láti ìlà àkọ́kọ́ kí ẹ lè tètè dárí jì wọ́n. Èmi ò wá tọrọ ìyẹn. Ohun tí mo ṣe ni mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ bú mi, ẹni tó yẹ lẹ bú.

Monínúọlá lorúkọ mi. Ọmọ Ìyìn-Èkìtì ni mí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Adó. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí. Mi ò lọ́kọ, mi ò bímọ. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni wárápá ti ń ṣe mí.

Ẹ ti ń fà sẹ́yìn, àbí? Ẹ fara balẹ̀, kò lè ti inú ìwé ràn yín. Kì í tilẹ̀ ran ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn fáwọn èèyàn wa kí wọ́n gbà? Wọ́n ní itọ́ tó ń hó lẹ́nu wa ló ń gbé e kiri. Torí náà, nílé bàbá mi, àwo tèmi lọ́tọ̀, ife tèmi lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá gún iyán, tí gbogbo ilé yí àwo ńlá kan ká, tí wọ́n ń bu òkèlè, tí wọ́n ń du ẹran mọ́ ara wọn lọ́wọ́, èmi á wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú àwo tánganran mi. Ẹ̀yin ará Èkìtì mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tí wọn ò bá jẹ́ kó fọwọ́ bọ àwo iyán pẹ̀lú wọn, wọ́n ti lé e kúrò nílé tán, ó kàn ṣì ń sùn níbẹ̀ ni.

Nígbà tí mo dàgbà, dókítà kan fún mi ní oògùn tí wọ́n ń pè ní fẹnitóìnì. Kápúsù ni. Ó ní nǹkan kan ló máa ń ṣàdédé ru sókè nínú ọpọlọ mi, oògùn yìí lá máa pa á mọ́lẹ̀. Ó ní kò lè wò ó tán, ṣùgbọ́n bí mi ò bá ti fo ọjọ́ kan, mi ò ní máa ṣubú. Òótọ́ ló sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí ìwọ̀n rẹ̀ tó bá mi mu. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí fi bẹ̀rẹ̀, ó ti pé ọdún mẹ́fà gbáko tí mo ti ṣubú kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n oògùn náà ní wàhálà tirẹ̀. Oorun ni àkọ́kọ́. Mo lè dúró níwájú bọ́ọ̀dù láàárọ̀ kí ojú mi máa pa dé. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi sọ mí ní Àǹtí Olóorun, àwọn ọmọ náà gbọ́ ọ, wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé. Nígbà mìíràn ẹsẹ̀ mi kì í dúró dáadáa, bíi ti ẹni tó mu ẹmu. Èyí tó wá burú jù ni erìgì mi. Ó wú, ó ń gorí eyín díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ tí mo bá fọ ẹnu. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mo jáwọ́ nínú ẹ̀rín fúnra rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ní òun máa fẹ́ mi. Ìyá rẹ̀ gbọ́, ó sì parí síbẹ̀.

Ẹ má rò pé mò ń ṣàwáwí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí yàrá mi ṣe dákẹ́ tó ni. Bí iléèwé bá ti jáde lọ́jọ́ Ẹtì, mo lè má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àfi ọlọ́kadà tí mo bá sọ fún pé, "Sọ̀ mí síbí."

Ìjọ kan wà nítòsí ilé tí mo háyà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ̀bi mi ni mo wá sọ, kì í ṣe tiwọn. Mo ń jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá níbẹ̀, màá sì ti jáde kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán. Lọ́jọ́ kan, Màmá Bámgbóyè, olórí àwọn obìnrin ìjọ náà, wá kí mi nílé. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó tú gèlè rẹ̀, ó ní, "Arábìnrin, kí ló ń dùn ọ́? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò ọ́."

Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti bi mí bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un.

Kò fò sókè. Ó kàn ní, "Ìgbà wo ló ṣe ọ́ kẹ́yìn?"

"Ọdún mẹ́fà, Mà."

"Ọdún kí ni?" Ìgbà yìí ló wá fò sókè. "Ọdún mẹ́fà! Monínúọlá, Olúwa ti wò ọ́ sàn, o wá jókòó tì í bí ẹni jókòó ti usu lórí iná! Háà! O máa jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi, o ò ní fi ògo Ọlọ́run pamọ́ sínú ulé!"

Mo la ẹnu láti sọ pé oògùn ni. Mo fẹ́ sọ ọ́, mo búra. Ṣùgbọ́n ó ti dì mọ́ mi. Ó dì mọ́ mi pinpin, ó ń gbọ̀n mí, omijé ojú rẹ̀ ń kán sí mi lọ́rùn, èmi náà sì pa ẹnu dé.

Mo rò pé bí mo bá dé iwájú ìjọ, màá rọra tún un ṣe. Màá ní, "Ọlọ́run lo oògùn láti ràn mí lọ́wọ́." Kí ló burú nínú ìyẹn? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́rìí rí mọ̀ bó ṣe máa ń gbóná. Orin ti gba ilé kan. Mo ní, "Mo ti ń ṣubú láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá," gbogbo èèyàn dákẹ́. Mo ní, "Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mi ò ṣubú mọ́," ariwo ta. Pásítọ̀ fà mí mọ́ra, ó gbé maikirofóònù sí mi lẹ́nu.

"Ṣé o ṣì ń lo oògùn, ọmọ mi?"

Mo wo ojú àwọn èèyàn yẹn. Kò sí ẹnì kan tó ń fà sẹ́yìn. Gbogbo wọn ló ń tẹ̀ síwájú.

"Rárá, sà," mo ní.

Ẹyin lohùn. Mo ń fi ìyẹn kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Lẹ́yìn ìsìn, Màmá Bámgbóyè mú mi lọ sílé rẹ̀. Obìnrin mẹ́rin ló bá wa lọ. Wọ́n gún iyán, ó funfun, ó ń rú èéfín, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tòun ti ẹja gbígbẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ń wá ibi tí àwo tèmi wà. Mo ti fẹ́ lọ jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn pàápàá, ara tó ti mọ́ mi.

"Níbo lò ń lọ?" Màmá ní. "Fọ ọwọ́ rẹ, máa bọ̀ wá jẹ uyán."

Àwo kan. Ọwọ́ mẹ́fà. Ìka Màmá kan ìka mi nínú ọbẹ̀, kò fà á sẹ́yìn. Nígbà tí obìnrin kan mu omi tó ku ìdajì, tó na ife náà sí mi láìwo ojú mi, tó ń bá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lọ, mo gbà á, mo fi ẹnu mi síbi tí ẹnu rẹ̀ wà, mo mu ún tán. Mo délé, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ayọ̀ ni o. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi dúró de àwo yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni tó ń jí oògùn ara rẹ̀ lò. Mo kó o sínú ìgò fítámì-sí. Mo ń gbé e mì nínú ilé ìyàgbẹ́ iléèwé, kí ẹnikẹ́ni má baà yà sílé mi kó bá mi níbi tí mo ti ń lò ó, àfi lópin ọ̀sẹ̀ tí màá kọ́kọ́ tilẹ̀kùn mi pa. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì ní ọsibítù tí mò ń lọ, torí náà mo jáwọ́ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, màá wọ ọkọ̀ lọ sí Igbemo lọ rà á lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ mí. Dókítà kankan ò sì yẹ̀ mí wò mọ́. Erìgì ń wú sí i, mò ń bo ẹnu mọ́lẹ̀, mo sì ń jẹ iyán ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ká sọ òótọ́, inú mi dùn.

Oṣù kẹta lẹ́yìn ẹ̀rí yẹn ni Kúdírát dé.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń ta abọ́ àti ike lọ́jà. Mùsùlùmí ni. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìborùn rẹ̀ títí ìsìn fi parí, ọmọbìnrin rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Níìfẹ́mi lorúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Màmá Bámgbóyè ló mú wọn wá bá mi.

"Àǹtí," Kúdírát ní, "ẹ ò ní bínú, ọ̀nà tí Ọlọ́run ń gbà pọ̀. Wọ́n ní nǹkan tó ń ṣe ọmọ mi yìí ti ṣe yín rí, ẹ sì ti ju oògùn nù. Oògùn yìí ò jẹ́ kó ríran rán aṣọ, sísùn ló ń sùn sórí ẹ̀rọ. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe dà. Ta ló máa fẹ́ ẹ? Ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, ẹ wo ojú mi, ṣé òótọ́ ni?"

Mo wo ọmọ náà. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Kò sí ẹni tó ní láti sọ ohun tó wà lábẹ́ ọwọ́ yẹn fún mi, mò ń rí i nínú dígí lójoojúmọ́.

Màmá Bámgbóyè fi ìgùnpá ta mí. "Dá a lóhùn, arábìnrin."

"Òótọ́ ni," mo ní.

Kúdírát dorí kodò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé ike oògùn Níìfẹ́mi wá síwájú pẹpẹ. Wọ́n dà á sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo ti lo tèmi kí n tó kúrò nílé.

Ẹ rí i pé mi ò fi nǹkan kan pamọ́ fún yín.

Ọ̀sẹ̀ kìíní dára. Oorun kúrò lójú ọmọ náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ gbé ike omi ńlá méjì wá fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi sọ̀rọ̀: bóyá Ọlọ́run á ṣe é lóòótọ́. Bóyá irọ́ mi á di òótọ́ lára rẹ̀. Ẹ wo irú àdúrà tí mò ń gbà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀sẹ̀ méjì lé díẹ̀ sígbà tí wọ́n ju oògùn náà nù, Níìfẹ́mi wá bá mi ní iléèwé ní àkókò ìsinmi àwọn ọmọ. Òun nìkan ló wá. Ó jókòó tì mí lábẹ́ igi mángòrò, ó mú gúrúdì kan jáde, ó bu ú sí méjì, ó na ìdajì sí mi.

"Àǹtí, ọwọ́ mi ń ta pìrì fúnra rẹ̀," ó ní. "Láàárọ̀ àná, mi ò mọ bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ṣe gún mi. Mo kàn rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ oníbàárà ni. Ọ̀gá mi ní mo tẹjú mọ́ ibì kan, òun ń pè mí, mi ò dáhùn."

Mo mọ ohun tó jẹ́. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ lára mi náà nìyẹn.

"Nígbà tí ẹ̀yin jù ú nù, ṣé ó ṣe yín bẹ́ẹ̀?"

Mo fa báàgì mi mọ́ra.

"Ẹ má sọ fún Màámi o," ó ní, ó rẹ ohùn sílẹ̀, "mo ṣì ní páálí kan tí mo tọ́jú sábẹ́ aṣọ. Ṣé kí n padà sí i? Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ni màá ṣe."

Báàgì mi wà lórí ẹsẹ̀ mi. Ìgò fítámì-sí wà nínú rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló kù: "Tètè padà sí i, èmi náà ń lo tèmi." Ṣùgbọ́n mo ti rò ó dé ìparí. Á sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ á lọ bá Màmá Bámgbóyè. Gbogbo ìjọ á gbọ́. Ta ló tún máa pè mí wá jẹun?

"Ṣe ìgbàgbọ́," mo ní. "Bó ṣe máa ń rí níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Má lò ó."

Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. "Ẹ ṣé, Àǹtí. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bó ṣe rí. Ṣé mo lè máa wá bá yín jókòó báyìí? Mi ò lẹ́nì kankan."

"Máa wá," mo ní. Mo jẹ gúrúdì rẹ̀.

Ìgbà tó ti bọ́ ni mo tó ro èyí, ó sì ń pa mí: ọmọ yẹn ì bá bá mi jẹun láìjẹ́ pé mo purọ́. Òun nìkan ni mi ò ní láti purọ́ fún ní gbogbo Adó, òun gan-an ni mo sì pa irọ́ tó burú jù fún.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, mò ń fọṣọ nígbà tí fóònù mi dún. Ohùn Kúdírát ni.

"Àǹtí, ẹ sáré máa bọ̀ ní ọsibítù! Ó ti ń gbọ̀n láti bí wákàtí kan, kò dáwọ́ dúró! Tó bá ṣe bí ẹni dáwọ́, á tún bẹ̀rẹ̀, kò lajú rárá! Ẹ wá gba irú àdúrà tí wọ́n gbà fún yín!"

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ẹ̀yìn ọ̀kadà. Nígbà tí mo dé yàrá náà, nọ́ọ̀sì méjì di ọmọ náà mú, ojú rẹ̀ yí sókè, ẹ̀jẹ̀ wà létè rẹ̀ níbi tó ti gé ahọ́n jẹ. Dókítà kan tí kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ dúró lé e lórí, Ilésanmí ni wọ́n ń pè é. Màmá Bámgbóyè ti dé ṣáájú mi, ó di òróró àdúrà mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ni oògùn tó ń lò?" dókítà ní.

"Kì í lo oògùn mọ́," Kúdírát ní.

"Mà, mi ò bi yín ìyẹn. Kí ló ń lò tẹ́lẹ̀? Ìgbà wo ló dá a dúró?"

"Mi ò kàwé, dókítà. A ti jù ú nù. Ọlọ́run ti wò ó sàn!"

Orúkọ oògùn náà wà lẹ́nu mi. Mo mọ̀ ọ́n, mo mọ ìwọ̀n rẹ̀, mo mọ ọjọ́ tí wọ́n dà á nù. Mo dúró síbẹ̀ bí òpó. Ẹ gbọ́ mi: ọmọ ọlọ́mọ ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀ níwájú mi, èmi ń ro ojú tí Màmá Bámgbóyè máa fi wò mí.

Dókítà fi ìka gbé ètè ọmọ náà sókè láti wo ahọ́n rẹ̀. Ó rí erìgì. "Ta ló ní kí ọmọ yìí dá oògùn rẹ̀ dúró?"

Kúdírát na ọwọ́ sí mi. "Ẹ bi Àǹtí yìí. Wárápá ló ń ṣe òun náà, ó ju oògùn nù, ẹ wò ó, ó ti sàn!"

Dókítà kọjú sí mi. Mo fẹ́ kí i. "Ẹ káàárọ̀, dókítà," mo ní. Ọwọ́ tí mo máa ń fi bo ẹnu, mo gbàgbé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ó wo ẹnu mi.

"Mà," ó ní, "fẹnitóìnì lẹ̀ ń lò."

"Mi ò lo nǹkan kan."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́. Erìgì ẹni tí kò lo nǹkan kan kì í rí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọmọ yìí lè kú báyìí báyìí, mi ò ráyè ojú tó ń ti ẹnikẹ́ni. Ṣé oògùn kan náà ni òun ń lò?"

Bẹ́ẹ̀dì irin náà ń dún. Kúdírát rìn wá sọ́dọ̀ mi. Mo rò pé ó máa gbá mi létí, ì bá sàn bó bá gbá mi.

"Ẹ ṣí báàgì yín," ó ní. Kò pariwo.

Mo dì í mú, ló bá gbà á, ó ṣí i. Ó mú ìgò náà jáde, ó na án sí dókítà. Dókítà da kápúsù sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan.

"Òun nìyí. Ìgbà wo lọ́mọ náà dá a dúró?"

"Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́la," mo ní. "Ìwọ̀n kan náà ni. Òun ni, dókítà. Òun ni."

Ó ti yíjú sí àwọn nọ́ọ̀sì, ó ń sọ irú abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa gún fún un.

Kúdírát ò kúrò níwájú mi. "Ẹ̀ ń lò ó," ó ní.

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ẹ lò ó láàárọ̀ yìí?"

"Mo lò ó."

"Kó tó di pé ẹ wá bá mi níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. "Ẹ̀ ń lò ó," ó tún ní, bí ẹni tí ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀. "Ẹ sì ní kí ọmọ mi jù ú nù."

Mo bojú wẹ̀yìn wo Màmá Bámgbóyè. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó ń nu ún, ó ń nu ún. "Monínúọlá," ó ní, "o jẹ́ ká máa bá ọ jẹun." Ó jáde lọ.

Níìfẹ́mi ò kú. Ọjọ́ méjì ló fi sùn kó tó lajú. Ṣùgbọ́n gìrì tó pẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣe ọpọlọ rẹ̀ níjàǹbá. Ọ̀rọ̀ ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lágbára. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó máa sinmi nílé ná. Gbogbo wa mọ ohun tí "ná" yẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán.

Dókítà Ilésanmí bá mi níta lọ́jọ́ tí ọmọ náà lajú, mo jókòó sórí pèpéle, torí Kúdírát ò jẹ́ kí n wọlé. Mo rò pé ó máa bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Ọdún mélòó lẹ ti ń gbé erìgì yẹn kiri?"

"Ọdún méjìlá."

"A lè pààrọ̀ oògùn náà, Mà. Oògùn mìíràn wà tí kì í ṣe erìgì bẹ́ẹ̀. Oorun náà, a lè dín ìwọ̀n kù tàbí ká yí àkókò padà. Ti ọmọ yẹn náà, à bá ti pààrọ̀ rẹ̀ fún un, ì bá máa rán aṣọ rẹ̀ lọ. Ẹ kàn ní láti sọ fún wa ni. Ẹni tó bá tilẹ̀ tó àkókò kó jáwọ́, díẹ̀díẹ̀ la máa ń dín in kù, fún ọ̀pọ̀ oṣù, lójú dókítà. Ẹ kì í kàn jù ú nù lọ́jọ́ kan. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò bi ẹnikẹ́ni?"

"Mò ń sá fún yín ni," mo ní.

Ó mirí, ó wọlé lọ.

Mo padà lọ sí ìjọ náà lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo ní kí wọ́n fún mi láyè. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìgò fítámì-sí dé orí gúrúdì. Ẹnì kan ò pariwo Halelúyà. Nígbà tí mo padà sórí bẹ́ǹṣì, àwọn tó jókòó níbẹ̀ ti sún lọ. Mo rò pé nítorí irọ́ ni, títí mo fi rí obìnrin kan tó fi áńkáṣífù nu ibi tí ọwọ́ mi kàn. Mi ò lọ mọ́. Mi ò sì dá wọn lẹ́bi ìyẹn náà, ó rẹ̀ mí láti máa dá èèyàn lẹ́bi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn wárápá, tàbí oògùn ọpọlọ èyíkéyìí, tí ẹ ń fi pamọ́ sínú ìgò nǹkan mìíràn, èmi Àǹtí Olóorun ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ má jù ú nù nítorí ẹnu mi, ẹ má jù ú nù nítorí ẹnu ẹnikẹ́ni. Bó bá ń dà yín láàmú, ẹ gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá ẹni tó fún yín. Mi ò sọ pé Ọlọ́run kì í wo èèyàn sàn. Ó ń wò wọ́n. Ṣùgbọ́n kò bẹ̀ mí kí n bá òun purọ́.

Mo ti padà sí ọsibítù tó wà ní Adó níbí, níwájú gbogbo ayé. Wọ́n ti ń pààrọ̀ oògùn mi díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ń rí mi náà ni wọ́n ń rí Níìfẹ́mi. Mo máa ń kí Kúdírát, kì í dáhùn.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, Kúdírát lọ gba káàdì lójú fèrèsé, ọmọ náà dìde níbi tó jókòó sí. Ó rọra rìn wá, ó dúró níwájú mi. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ò tètè jáde, mo dúró dè é.

"Àǹtí," ó ní, "ṣé ẹ ti lo... tiyín... lónìí?"

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yíjú sí wa. Obìnrin kan tí mo mọ̀ ní iléèwé wa wà níbẹ̀.

"Mo ti lò ó," mo ní. "Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ti... lò ó."

Ó jókòó tì mí. Ó ń wo ilẹ̀, èmi náà ń wo ilẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé kó dárí jì mí, mo ti tún un sọ nínú yàrá mi tó ìgbà ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi la ẹnu, Kúdírát ti yíjú padà, ó sì ti rí wa.

"Níìfẹ́mi! Dìde níbẹ̀ yẹn!"

Ọmọ náà dìde, ó lọ bá ìyá rẹ̀. Ààyè tó fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣófo títí wọ́n fi pe orúkọ mi, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn wà lórí ìdúró.